Àrùn inú Orí tí ń Díni Létí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní etí tí ó gbọ́ àlọ ni ó yẹ kí ó gbọ́ àbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, etí a gbọ́ àlọ tán, kí àbọ̀ tó dé, ó ti dí.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, etí fúnra rẹ̀ ni àwọn ará ilé ń kọ́kọ́ fura sí. Wọn a wa ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọn a kán òróró sí i. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ tí ó pè é tí kò dáhùn a ní olórí kunkun ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé inú orí ni ọ̀tá wà.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni Cryptococcus. Ìbátan olú ni, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé ni ó ń gbé. Ènìyàn a mí i símú, a sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara tí ó le a máa borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò HIV bá ti sọ ara di aláìlágbára, yóò bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọpọlọ àti awọ tí ó bò ó. Omi inú orí yóò máa fún ọpọlọ pọ̀, orí yóò sì máa fọ́ni fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ìnira yìí bá ba iṣan tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ jẹ́, etí a dí. Ojú pàápàá lè fọ́. Etí ẹlòmíràn a ṣí lẹ́yìn ìtọ́jú. Ti ẹlòmíràn kì í ṣí mọ́.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ó lè fi àrùn yìí hàn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Omi tí dókítà bá fà láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn yóò jẹ́rìí sí i, fífà rẹ̀ a sì tún mú kí ara tu orí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà ìtọ́jú tuntun fún àwọn tí wọ́n ní HIV: liposomal amphotericin B tí a óò fà sí iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú flucytosine àti fluconazole fún ọjọ́ 14. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti dán an wò, ní Botswana, Malawi, South Africa, Uganda àti Zimbabwe.

Nítorí náà, bí orí fífọ́ bá pẹ́ lára ẹni, tí etí sì bẹ̀rẹ̀ sí dí, kì í ṣe òróró ni ó kàn, ilé ìwòsàn ni. Kí olùkọ́ tó pe akẹ́kọ̀ọ́ ní olórí kunkun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó gbọ́, kí ó sì bi í bí orí ti ń ṣe é.