Ọ̀nà Etí Òkun: Bí A Ti Í Rìn Ín Tí A Fi Ń Padà Sílé Láyọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ àti àwọn òbí ní ọjọ́ Àjọ̀dún Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

  

Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí yóò wúlò fún ọmọ àti òbí. Nítorí pé ìsinmi gígùn ń bọ̀ lọ́nà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sì kó ọmọ lọ sí etí òkun, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í rin ọ̀nà etí òkun tí ó ní àpáta. Ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà kò bu iyì kún mi.

Ní gúúsù ilẹ̀ England, ní Sussex, àwọn òkè kan tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ létí òkun. Seven Sisters ni orúkọ wọn, èyí ni Arábìnrin Méje. Ẹfun ni gbogbo ara wọn, wọ́n funfun báláú. Haven Brow, tí ó ga jù nínú wọn, ga tó mítà 77. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìlà-oòrùn kọjá wọn, yóò dé Beachy Head, tí ó ga tó mítà 162. Kò sí àpáta ẹfun etí òkun mìíràn ní Britain tí ó ga tó o. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba orí àwọn òkè náà kọjá: bí o bá gun ọ̀kan tán, ìwọ yóò sọ̀ kalẹ̀, ìwọ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òmíràn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì wọ ọkọ̀ ojú irin láti London lọ sí ìhà ibẹ̀. Nígbà tí a dé Birling Gap, a gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi. Òkun ti fà sẹ́yìn, òkúta sì tẹ́ lọ bí ilẹ̀. Mo wo àwọn òkè, mo wo ẹsẹ̀ mi, mo sì wí nínú ọkàn mi pé kí ni a fẹ́ máa gun òkè sí, nígbà tí a lè gba ìsàlẹ̀ lọ sí ẹnu odò Cuckmere? Èmi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi kò wo ìwé tí ń sọ àkókò tí òkun yóò kún.

Nígbà tí a ti rìn jìnnà, ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, dúró. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkúta ńlá yẹn. Nígbà tí a kọjá lára rẹ̀, ó gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ jókòó lé e. Omi ti yí i ká báyìí." Mo dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan, kí ó máa bọ̀. Ó rìn díẹ̀, ó tún dúró. "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká padà."

Inú fẹ́ bí mi. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí i pé òtítọ́ ni ọmọ náà ń sọ. A yí padà kíákíá. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Lọ́wọ́ òsì, ògiri ẹfun tí ènìyàn kò lè gùn. Àwọn òkúta tí koríko òkun bò ń yọ̀ bí ilá. Kí a tó dé ibi àtẹ̀gùn, omi ti dé orúnkún mi. Mo gbé àbúrò sí èjìká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di bẹ́líìtì mi mú. Nígbà tí a gun òkè tán, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí èmi kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárín nǹkan bí wákàtí 25, ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fà. Láti ìgbà tí ó bá fà tán títí di ìgbà tí ó bá kún tán, ó tó wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kì í kún bákan náà. Bí a bá pín gbogbo ibi tí omi yóò ga dé sí ọ̀nà 12, ní wákàtí kìn-ín-ní, ìpín 1 péré ni yóò gùn. Ní wákàtí kejì, ìpín 2. Ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin, ìpín 3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkàn ẹni ti balẹ̀ tán gan-an ni omi ń sáré jù. Bí oṣù bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, òkun a máa kún ju ti ìgbà mìíràn lọ. Nítorí náà, ẹ wo ìwé àkókò òkun àti ìròyìn ojú ọjọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Orí òkè náà ní ewu tirẹ̀. Òkun ń jẹ ẹsẹ̀ àpáta náà lójoojúmọ́. Ní Birling Gap, ọ̀wọ́ ilé kan wà tí a kọ́ fún àwọn aṣọ́ etíkun láyé àtijọ́; a ti ní láti wó díẹ̀ nínú wọn, nítorí òkun ti jẹ ilẹ̀ dé ìdí wọn. Ibi tí ẹ bá dúró sí létí òkè, abẹ́ rẹ̀ lè ti ṣófo láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ jìnnà sí etí. Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn rìn nítorí àwòrán. Bí bọ́ọ̀lù tàbí fìlà bá bọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹ má sì ṣe jókòó jẹun ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àpáta náà, nítorí ẹfun a máa ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni a ó kó sínú àpò? Omi mímu, oúnjẹ, aṣọ òjò, aṣọ òtútù, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, àti fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún. Kí bàtà jẹ́ èyí tí ó di ẹsẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti wákàtí tí ẹ ó padà. Bí ewu bá dé, ẹ pe 999, kí ẹ sì béèrè fún Coastguard. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni n ó fi àbọ̀ sí. A kọ́ àwọn ọmọ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ọmọ mi bá ti bẹ̀rù ìbínú mi ju omi lọ ní ọjọ́ náà, bóyá ẹlòmíràn ni ìbá dúró níbí lónìí láti sọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ pé ẹ̀rù ń bà òun, kí a sì gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ewu, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí a kò bá gbọ́, ẹ tún un sọ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lọ, yóò máa ṣọ́ wa bọ̀. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.