Àwọn Ìwé Lórí Orin Rọ́ọ̀kì àti Gígun Àpáta

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa



Iṣẹ́ tí ẹ fi rán mi ni pé kí n dárúkọ àwọn ìwé tí ó yẹ kí a rà sínú yàrá ìkàwé wa lórí ohun méjì tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè lemọ́lemọ́, èyíinì ni orin rọ́ọ̀kì àti eré ìdárayá gígun àpáta. Ó ya àwọn àgbà kan lẹ́nu pé a so àwọn méjèèjì pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ kan náà, "rock", ni ó fi ń pe àpáta tí kì í mì, òun kan náà ni ó sì fi ń pe kí nǹkan máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ìyá ti ń mi ọmọ lórí ẹsẹ̀ kí ó lè sùn. Láti inú ìtumọ̀ kejì yìí ni orúkọ orin náà ti wá. Àwa tí a ní àmì ohùn ìbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Nígbà tí a kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, oríṣi ìwé méjèèjì ni wọ́n dárúkọ padà sí wa.

Owó tí Ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ kò lè ra ju ìwé mẹ́jọ lọ. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìwé ìṣirò ni ìbá dára kí a fi ra, pé kí ni ti orin aláriwo, kí sì ni ti ẹni tí ó ń gun òkè láìsí ogun lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn baba ńlá wa kò fi òkè ṣeré. Àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 nítorí ogun. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń kà nípa nǹkan wọ̀nyí lọ́nàkọnà. Ohun tí ó kù fún wa láti pinnu ni ẹni tí yóò sọ ìtàn náà fún wọn. Nínú orin yìí àti nínú òkè gígùn, ẹni tí ó ru ẹrù kì í sábà jẹ́ ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe wá ìwé tí aláàárù ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti bá a sọ ọ́ dáadáa.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Everest, òkè tí ó ga jù lọ ní ayé, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 8,848. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1953 ni Edmund Hillary, ọmọ New Zealand tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oyin sísìn, àti Tenzing Norgay, ọmọ ẹ̀yà Sherpa, dé ṣóńṣó rẹ̀. Ìròyìn náà dé etí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí a dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé. John Hunt, ológun tí ó ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn, kọ "The Ascent of Everest" ní ọdún kan náà. Ìwé tí ó létò ni; ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń pín ẹrù, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ inú àgbá yóò rí i kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ni ó fi wo gbogbo rẹ̀. Hunt àti Hillary gba oyè "Sir". Àmì-ẹ̀yẹ George Medal ni a fi fún Tenzing.

Tenzing kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún James Ramsey Ullman, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ìwé náà sì jáde ní 1955. "Man of Everest" ni wọ́n pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "Tiger of the Snows" ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà. Kí ẹni tí a bá rán má baà ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Níbẹ̀ ni a ti kà pé láti 1935 ni ó ti ń ru ẹrù tẹ̀ lé àwọn Òyìnbó lọ sí òkè náà, àti pé ní 1952 òun àti Raymond Lambert, ará Switzerland, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè pátápátá kí àárẹ̀ tó dá wọn padà. A tún kà pé nígbà tí ẹgbẹ́ ti 1953 dé Kathmandu, ilé aṣojú ìjọba Britain ni àwọn Òyìnbó sùn sí, ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó ti jẹ́ ilé ẹṣin tẹ́lẹ̀ ni a fi àwọn Sherpa sí. Inú bí wọn gidigidi, wọn kò sì fi pamọ́.

Ẹ fetí sí ibi tí ìwé náà ti tayọ. Gbogbo ayé ń béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ orí òkè náà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nepal àti Íńdíà fẹ́ kí ó jẹ́ Tenzing, wọ́n sì ń tì í kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Òun àti Hillary ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn jọ dé ibẹ̀ ni. Nígbà tí ó di inú ìwé rẹ̀, Tenzing tú u síta: Hillary ni ó ṣíwájú, òun ni ó tẹ̀ lé e, okùn kan ni ó sì so àwọn pọ̀. Irọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ìbá fi gbé e gẹṣin aáyán ni ó kọ̀ láti pa. Ẹni tí ó bá lè sọ òótọ́ tí kò ṣe é láǹfààní, ó yẹ kí a gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ilé ẹṣin. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni owó wa ká, òun ni kí a rà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé "Annapurna" tí Maurice Herzog, ará Faransé, kọ ní 1951. Òun àti Louis Lachenal dé orí òkè náà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1950. Òkè yìí ni àkọ́kọ́ tí ènìyàn gun dé orí nínú àwọn tí ó ga ju mítà 8,000 lọ. Òtútù gba ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ lọ́wọ́ Herzog, ó sì gba ìka ẹsẹ̀ Lachenal pẹ̀lú. Ìwé náà dùn bí oyin, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó sì rà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá a lọ ti fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbéra pé àwọn kò ní tẹ ìtàn tiwọn jáde títí ọdún márùn-ún. Lachenal kú ní 1955. Nígbà tí ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní 1956, wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀. A kò rí odindi rẹ̀ kà títí di 1996. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹnìkan bá fi "Annapurna" ta wá lọ́rẹ, kí a gbà á, ṣùgbọ́n kí a má fi owó Ẹgbẹ́ rà á.

Ìwé kejì ni "Touching the Void" tí Joe Simpson kọ ní 1988. Ní 1985, nígbà tí òun àti Simon Yates ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Siula Grande ní ilẹ̀ Peru, Simpson ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Yates ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí Simpson fi rọ̀ dirodiro sí ojú òfìfo, tí òun pàápàá sì ń yọ̀ lọ. Ó gé okùn. Simpson kò kú. Ó rákò padà dé àgọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń bú Yates, Simpson sì kọ ìwé yìí láti gbèjà ẹni tí ó gé okùn rẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ fún kíláàsì mi; fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń jiyàn lé e lórí. Ẹ̀kẹta, "Buried in the Sky", jáde ní 2012, iṣẹ́ Peter Zuckerman àti Amanda Padoan. Ó sọ nípa oṣù Kẹjọ ọdún 2008, nígbà tí ènìyàn 11 kú lórí òkè K2, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláàárù ni ó ti wo ìtàn náà. Nínú rẹ̀ ni Chhiring Dorje wà, ẹni tí ó so Pasang Lama, tí kò ní àáké yìnyín lọ́wọ́ mọ́, mọ́ ara rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì fi àáké kan sọ̀ kalẹ̀ lóru.

Ẹ̀rín ni ti ẹ̀kẹrin, "No Picnic on Mount Kenya". Felice Benuzzi, ará Ítálì, jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Nanyuki, ó sì ń wo òkè ńlá tí àwọn Kikuyu ń pè ní Kirinyaga láti inú àgọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1943, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sá jáde. Òòlù ni wọ́n sọ di àáké yìnyín; àwòrán òkè náà tí ó wà lára ìwé agolo ẹran ni wọ́n fi ṣe amọ̀nà. Apá wọn kò ká Batian tí ó ga jù, ṣùgbọ́n àwọn méjì ri àsíá mọ́ orí Lenana, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sí ẹ̀wọ̀n! Ìjìyà ọjọ́ 28 ni a dá fún wọn. Ọ̀gá àgọ́ dín in kù sí 7 nítorí pé ó kan sáárá sí akọni. Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe ìtàn: "Mountaineering: The Freedom of the Hills", tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1960, tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìgbà dé ìgbà, ni ó ń kọ́ni ní okùn síso àti ibi tí a kì í fi ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀yin òbí, òun gan-an ni kí ẹ fẹ́.

Mo yí sí orin. Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa pé ta ni ó bẹ̀rẹ̀ rọ́ọ̀kì, Elvis Presley ni wọn yóò dá lóhùn. Ìwé "Shout, Sister, Shout!" tí Gayle Wald kọ ní 2007 yóò tọ́ wọn sọ́nà. Ìtàn Rosetta Tharpe ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní 1915 ní Cotton Plant, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Inú ìjọ ni ó ti mọ gìtá lò láti kékeré. Ó sì gbé orin ìjọ lọ sí gbọ̀ngàn ijó, ohun tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kò fi orí jì í. Orin rẹ̀ "Strange Things Happening Every Day", tí a gbà sínú àwo ní 1944, wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ rọ́ọ̀kì. Ní 1964, ní ibùdókọ̀ ojú irin kan tí a kò lò mọ́ ní Manchester, ó gbé gìtá oníná kọ́ èjìká, ó sì kọrin fún àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jókòó sí òdìkejì ojú irin. Ó kú ní 1973. Fún ọdún tí ó lé ní 30, ibojì rẹ̀ ní Philadelphia kò ní òkúta orúkọ. Elvis ti wọ ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà láti 1986. Ó di 2018 kí wọ́n tó rántí Rosetta Tharpe.

Chuck Berry kọ ìwé tirẹ̀, "The Autobiography", ní 1987, kò sì gba ẹnikẹ́ni láti bá a kọ ọ́. Orin rẹ̀ kan, "Johnny B. Goode", wà nínú àwo oníwúrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sínú òfurufú pẹ̀lú ọkọ̀ Voyager ní 1977. Síbẹ̀, nígbà tí "Maybellene", àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde ní 1955, orúkọ ọkùnrin méjì mìíràn ni a kọ mọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jọ kọ orin náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Alan Freed, gbajúmọ̀ orí rédíò. Ọdún 30 ó lé ni ó kọjá kí orin náà tó padà di ti Berry nìkan. Ìwé náà kò mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti obìnrin láìbò. Kí a gbé e sí pẹpẹ àgbà.

Ìwé kẹjọ kàn wá lára. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ará Gẹ̀ẹ́sì, bá Fela Aníkúlápó-Kútì ṣe àwo ní 1971. Paul McCartney wá gba orin sínú àwo ní Àpápá ní 1973. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Òyìnbó, olè tí ó dá McCartney lọ́nà ni Èkó jẹ́. Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní 1940, ni ó ń lu ìlù lẹ́yìn Fela ní gbogbo ìgbà náà. Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún Michael Veal, ìwé wọn sì jáde ní 2013, ọdún méje ṣáájú ikú rẹ̀ ní Paris. Ẹ ó rí bí ọmọ tí ń tún rédíò ṣe ti kọ́ ìlù láti inú àwo àti ìwé àwọn onílù dúdú Amẹ́ríkà. Ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ owó tí kò dé ọwọ́ onílù bí ó ti yẹ.

Tenzing ní Ullman, Allen ní Veal. Ní ìlú tiwa yìí, àwọn baba kan ṣì wà láàyè tí wọ́n fi orí ru kòkó dé ojú irin kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé, àwọn kan sì wà tí wọ́n lùlù lẹ́yìn olórin tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni ó ti jókòó tì wọ́n? Mo bẹ Ẹgbẹ́ pé, bí owó ìwé bá ṣẹ́ kù díẹ̀, kí a fi ra ìwé àjákọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí ọmọ méjì méjì lọ bá àgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìsinmi yìí, kí ohun tí wọ́n bá kọ sì wọ ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ àgbà náà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sí òkè òkun, mo tọrọ ìwé ti Hunt, àti "Black Diamond Queens" ti Maureen Mahon, èyí tí ó jáde ní 2020 lórí àwọn obìnrin dúdú inú rọ́ọ̀kì, lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Àlòkù kò burú, bí ojú ewé rẹ̀ bá pé. Bí ẹnìkan bá lè fi okùn òkè gígùn gidi kún un, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ tí ń fi okùn kànga dán àpáta ẹ̀yìn ìlú wò, mo sì ti gba okùn náà lọ́wọ́ wọn. Ó wà nílé mi. Kí ẹni tí ó ni ín wá mú un.