Kíkọ́ Ará Ìlú Ní Ètò Àlàáfíà
(Àsọyé níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú Wa)



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ni ti gbígbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní Ṣàgámù, ní oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n ní obìnrin Hausa kan jáde nígbà orò, ìjà sì bẹ́ láàárín àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín oṣù náà ni wọ́n gbẹ̀san ní Kánò. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣá, Ìbàdàn, àríyànjiyàn lórí tòmátì tí ó dà sílẹ̀ di ikú, ó di iná. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya kò gbé màlúù àti oúnjẹ wá sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí: ẹni tí ó bá na àlejò nílé, ọmọ tirẹ̀ ni ó fi dógò lẹ́yìn odi.

Àwa olùkọ́ pàápàá jẹ̀bi. A kọ́ ọmọ ní orúkọ odò ilẹ̀ òkèèrè, a kò kọ́ ọ bí a ti ń kí aládùúgbò rẹ̀ ní Sábó. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí a yan ìgbìmọ̀ alárinà: ìyálọ́jà, Sẹ̀ríkí Hausa, aṣáájú àwọn Ígbò, àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, bí ìjà kò tilẹ̀ sí. Ẹni tí a kò mọ̀ rí kò lè là wá níjà.

Èkejì, kí a máa kọ́ tọmọdé tàgbà ní ilé ẹ̀kọ́ wa lálẹ́. Àwọn kan ń wí pé àlejò ni kí ó kọ́ àṣà onílé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ? Bí orò yóò bá jáde, ẹ jẹ́ kí a kéde ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ ní èdè Hausa àti Ígbò ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, bí ìròyìn ìjà bá dé orí fóònù yín, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó tàn án ká. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí láti jẹ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a yan ìgbìmọ̀ náà kí ìpàdé yìí tó tú. Iná kò sí lórí òrùlé wa lónìí. Àsìkò tí a ń pọn omi sílé nìyí.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe.