Orúkọ Tí À Ń Pe Iṣẹ́ Abẹ Yẹn

Mo wo gbọ̀ngàn yìí, obìnrin ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ àìsàn ọkùnrin la wá sọ, àwọn ọkọ sì rán ìyàwó wá gbọ́ ọ wá fún wọn. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Próstéètì ni kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, kò ju àwùsá lọ. Jẹjẹrẹ rẹ̀ ló kó wa jọ. Bí ìtọ̀ bá ń kán tó-tó-tó, a ní àtọ̀sí ni; bí ìbàdí bá ń ro wá, a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ó máa mu àgbo títí àrùn yóò fi wọ eegun.

Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn ní Chicago pé họ́mọ́ọ̀nù tí kórópọ̀n ń ṣe ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Bí a bá fẹ́ dá họ́mọ́ọ̀nù náà dúró, abẹ́rẹ́ wà tí à ń gbà lóòrèkóòrè, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì wà tó ń kó kórópọ̀n kúrò. Owó abẹ́rẹ́ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá wa fi ń yan iṣẹ́ abẹ.

Lórí orúkọ iṣẹ́ abẹ yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń jà láti ogún ọdún. Wọ́n ní kí dókítà pè é ní ìtẹ̀lọ́dàá, nítorí òun ni Yorùbá mọ̀. Mo ní rárá. Kí ni à ń tẹ̀ lọ́dàá? Òbúkọ ni, àgbò ni, kí ó lè sanra fún ọbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a bo bàbá lójú, kí a ní "iṣẹ́ abẹ kékeré" ni. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó. Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Bàbá tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lọ́dàá ńkọ́?" Fìlà bàbá wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń yí i, ó ń yí i, títí òwú etí rẹ̀ fi tú. Ó ní, "Àkànní, ṣé èmi náà wá di ọ̀dá ni?" N kò rí èsì fún un. Irora eegun tó ń dà á láàmú lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá tó máa ń darí ìpàdé ẹgbẹ́ kò débẹ̀ mọ́. Ooru á bò ó lóru, ẹní á rin fún òógùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ló fà á. Ó kó ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá ìyàwó rẹ̀ láìsọ ìdí. Ìyàwó rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Ẹ ń bèèrè eegun, ẹ ń bèèrè ìtọ̀, ẹ kì í bèèrè bóyá bàbá ń sùn, bóyá ayé ti sú u. Àìsí họ́mọ́ọ̀nù yẹn lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn, kí inú máa bà á jẹ́. Kì í ṣe ojo. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó mú kúrò àti ohun tó kù: ohùn rẹ̀ kò ní di ti obìnrin, baálé ni síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú ìyàwó, bí bàbá bá gbà. "Fífi ebi pa jẹjẹrẹ" ni èmi ń pè é. Bí bàbá bá gbọ́ ọ, á bèèrè pé báwo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹni ńlá náà ti ní àìsàn yìí. Ìtànṣán ni Mandela gbà ní 2001. Wọ́n rí ti Tutu ní 1997, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì wà láyé títí di 2021. Ní Bẹ̀rẹ̀táàní, ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú 4 ni yóò ní i láyé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ pe ọkọ yín tó ti lé ní ọdún 45 lórí fóònù. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ fún PSA, àyẹ̀wò próstéètì, lẹ́nu ọ̀nà títí di aago mẹ́rin.