Ilẹ̀ Tí A Ń San Owó Rẹ̀ Díẹ̀díẹ̀

Ẹ ti ń ka ìwé báyìí, ẹ sì ti ń kọ orúkọ ara yín. Lónìí, mo fẹ́ sọ iṣẹ́ ńlá kan tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún yín bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko.

Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló lè ka owó ilẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, onílẹ̀ lè sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé, "San díẹ̀ báyìí, máa ro oko, kí o máa san ìyókù bí o bá ti ń kórè." Àdéhùn dáadáa ni. Onílẹ̀ rí owó, àgbẹ̀ sì rí ibi ro. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Lágbájá ni onílẹ̀, Làmọ̀rín ni ó ń rà á. Owó ilẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Làmọ̀rín kọ́kọ́ san ₦400,000. Wọ́n ní kó máa san ₦200,000 lọ́dọọdún, fún ọdún 4. Wọn kò kọ ìwé, torí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Làmọ̀rín san ti ọdún kìíní, ó san ti ọdún kejì. Lágbájá bá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé, wọ́n ní, "Bàbá wa kò ta ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ ń san."

Ṣé ẹ rí i? Owó kan náà, orúkọ méjì! Ẹ̀yin náà mọ ìṣákọ́lẹ̀. Òun ni ohun tí ẹni tó gba ilẹ̀ ro ń san fún onílẹ̀, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe owó, láti fi hàn pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí èèyàn bá san ìṣákọ́lẹ̀ fún 50 ọdún, ilẹ̀ kò tìtorí ìyẹn di tirẹ̀. Làmọ̀rín ti san ₦800,000, kò sì ní ohun tí yóò fi hàn pé owó ilẹ̀ ló san.

Ohun kan tún wà. Ní ìlànà ìbílẹ̀ wa, ilẹ̀ kò tíì di ti ẹni tó rà á títí owó yóò fi pé, tí wọ́n yóò sì fà á lé e lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Ẹni tó san ìdajì owó kò tíì ní ìdajì ilẹ̀. Àdéhùn nìkan ló ní. Bí àdéhùn náà kò bá sí nínú ìwé, kí ló dì mú?

Kí ni ká ṣe, nígbà náà?

Èkíní, ẹ mọ ẹni tó ń tà á. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹnì kan kò lè dá a tà. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí náà sì fọwọ́ sí i. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà, wọ́n lè mú un lọ sí ilé-ẹjọ́ kí a sì yí i padà.

Èkejì, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́. Pèrègún dára ní ààlà, ṣùgbọ́n a lè hú pèrègún.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Kọ iye owó ilẹ̀, iye tí a san, iye tó kù, àti ọjọ́ tí a ó san án. Kọ ẹni tí yóò máa kó ẹyìn orí ilẹ̀ náà kí owó tó pé. Kọ bóyá a lè gbin kòkó tàbí obì, torí igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀. Kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá kọ̀ tí owó sì pẹ́: oṣù mélòó ni onílẹ̀ yóò fi dúró? Bí àdéhùn bá sì túká, èló ni yóò dá padà?

Ẹ̀kẹrin, ẹ gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá san owó. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Èmi Lágbájá gba ₦200,000 lónìí lọ́wọ́ Làmọ̀rín. Apá kan owó ilẹ̀ tí mo tà fún un ni. Kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Ó ti san ₦600,000. Ó ku ₦600,000."

Kí onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Kí onílẹ̀ mú ẹ̀dà kan, kí ẹ̀yin náà mú ọ̀kan. Ẹ fi ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí han ọmọ yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé yín. Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó ṣàlàyé rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹfà, ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìjà bá dé. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Nítorí náà, títa ilẹ̀ oko ń fẹ́ ìyọ̀ǹda ìjọba. Lọ́yà yóò sọ ọ́fíìsì tí ẹ ó lọ. Nígbà tí owó bá pé, ẹ gba ìwé tó sọ pé ó ti pé, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Tíṣà, bí mo bá ní ká kọ ìwé, ọ̀rẹ́ mi á ní n kò gbẹ́kẹ̀ lé òun." Ẹ sọ fún un pé ìwé náà ń ṣọ́ òun pẹ̀lú. Bí ẹ̀yin lẹ bá kọ́kọ́ kú, àwọn ọmọ yín kò ní lè sọ pé owó ti pé nígbà tí kò pé. Ìwé kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àìsí ìwé ló ń sọ ọmọ ọ̀rẹ́ méjì di ọ̀tá.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń san owó ilẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ láìsí ìwé, kó lọ bá onílẹ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Kí wọ́n jọ ṣírò ohun tó ti san, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.