Àjùmọ̀ṣe Àwọn Ilé Ìwòsàn



Àwa tí a ń dá owó jọ mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. A fẹ́ sọ bí àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ṣe lo ọgbọ́n yìí láti bá àrùn jẹjẹrẹ jà.

Láti ìgbà Dókítà William Halsted, ní ìparí ọ̀rúndún 19, bí jẹjẹrẹ bá mú obìnrin lọ́mú, wọn a gé gbogbo ọmú náà, wọn a gé iṣan àyà àti ẹran abẹ́ abíyá mọ́ ọn. Àwọn dókítà kan ń ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n aláìsàn ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kò pọ̀ tó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ní 1955, ìjọba Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ, àwọn ilé ìwòsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ara wọn pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní NSABP bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ní 1971, lábẹ́ Dókítà Bernard Fisher, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó obìnrin tí ó lé ní 1,600 jọ sínú ìwádìí kan. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ ti Halsted, àwọn yòókù gba èyí tí kò dé iṣan àyà. Lẹ́yìn ọdún 25, iye àwọn tí ó yè kò yàtọ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1976 fi hàn pé, bí a bá tètè rí àrùn náà, a lè yọ kókó nìkan, kí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ọmú tí ó kù.

Ṣùgbọ́n dókítà kan ní Montreal, ní Kánádà, kọ irọ́ sínú ìwé àwọn aláìsàn kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní 1994, jìnnìjìnnì bo àwọn obìnrin tí kò gé ọmú wọn. Wọ́n yọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n tún gbogbo ìṣirò ṣe. Àbájáde kò yí padà, nítorí ìwé àwọn yòókù tó láti dá dúró.

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò wa, ẹ gbọ́ o. Ìdáwójọ nìkan kò tó. Ìwé tí ó mọ́ ni òpó ilé àjùmọ̀ṣe. Ẹni tí ó bá kọ irọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, gbogbo wa ni ó fi sínú ewu. Ẹ̀yin ìyá wa pẹ̀lú, bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, ẹ má fi pamọ́. Ẹ tètè lọ rí dókítà.