Pluto, Àwọn Òṣùpá Rẹ̀, àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́



Ẹni tí ó bá dúró ní Old Garage ní Òṣogbo lálẹ́, tí ọkọ̀ kan ń bọ̀ lókèèrè, iná kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí ọkọ̀ bá súnmọ́ tòsí ni yóò mọ̀ pé méjì ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn Pluto. Clyde Tombaugh, ará Amẹ́ríkà, rí i ní 1930. Ó di 1978 kí James Christy tó ṣàkíyèsí pé ó ní òṣùpá, èyí tí a ń pè ní Charon. Nínú àwòrán tí Christy yẹ̀ wò, ńṣe ni òṣùpá náà dà bí kókó tí ó so mọ́ Pluto lára. Afẹ́fẹ́ ayé wà lára ohun tí ó fà á. Ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti ilẹ̀ dà bí ẹni tí ń wo òkúta nísàlẹ̀ odò Ọ̀ṣun: omi kì í dúró kí ojú ó ríran.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé awò awọ̀nà-jíjìn Hubble kọjá afẹ́fẹ́ ní 1990. Òun ni ó ya Pluto àti Charon sọ́tọ̀ kedere. Ó rí Nix àti Hydra ní 2005, Kerberos ní 2011, Styx ní 2012; òṣùpá wá pé márùn-ún. Ní 2015, Mark Showalter àti Douglas Hamilton fi àwọn àwòrán Hubble ṣàlàyé pé, nítorí Pluto àti Charon jọ ń yí ara wọn po, òòfà wọn kò dúró lójú kan. Pé Nix àti Hydra sì ń yí gbirigbiri láìní ìlànà. Ẹni tí ó bá ń gbé lórí Nix kò ní mọ ibi tí oòrùn yóò gbà yọ.

Ṣùgbọ́n kí ni kí a pe Pluto gan-an? Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé. Ní 2006, ní Prague, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé yọ ọ́ kúrò nínú iye náà. Àwọn kan ń pè é ní “pílánẹ́ẹ̀tì aràrá”. N kò fara mọ́ ọn. Kíkéré nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n wí ni pé kò dá ọ̀nà rẹ̀ lò, àwọn mìíràn ń bá a rìn ín. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní “pílánẹ́ẹ̀tì àjọrìn”. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Orúkọ tí ó ṣàlàyé ohun tí à ń sọ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́.